Ta Ni Wọ́n Kọ Ìwé Yẹn Fún?

Ẹ̀yin ọmọ Adégbayì, ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá, Olódó, Ẹ̀rúnmu àti Lálúpọn, tí ẹ ń ta ilẹ̀ baba yín ní púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè rí owó ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. N kò bínú pé ẹ ń lọ. Ẹni tó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àgbà wo ló máa ní kí ọmọ òun má rìn? Ìmúra yín ló ń bí mi nínú. Nínú ìmúra náà, ọ̀rọ̀ ìwé afinimọ̀nà ló burú jù.

Ìwé tí àlejò ń kà kí ó tó wọ ìlú onílùú ni mò ń wí: èyí tó ń sọ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ibi tí èèyàn lè sùn sí, ohun tí òfin wọn kọ̀, ohun tí àṣà wọn fẹ́, àti ohun tí owó ọwọ́ ẹni lè rà níbẹ̀. Apá kan nínú yín kò rà á rárá. Ẹni tó san owó físà tí wọn kì í dá padà, tó ra àpótí mẹ́ta, tó ra kóòtù òtútù, yóò dé ìdí ìwé, yóò ní ó wọ́n jù. Apá kejì rà á. Wọ́n dúró lábẹ́ afárá Ìwó Road ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ìwé tòkúnbọ̀ sílẹ̀, wọ́n mú èyí tí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ dán jù, wọ́n ná an títí ó fi di owó pọ́ọ́kú, wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó di inú ọkọ̀ òfurufú kí wọ́n tó rántí pé àwọn kò tíì ṣí i. Ẹni tí kò rà jẹ̀bi. Ẹni tó rà láìbi ìwé náà ní ìbéèrè kankan jẹ̀bi jù ú lọ, torí òun ti náwó sórí àìmọ̀.

Ẹ ó ní, "Bàbá, fóònù wà lọ́wọ́ wa, ayé ti kúrò níbi ìwé." Mo gbọ́. Mo ti rí àwọn tí ẹ ń wò lórí TikTok: ọmọkùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń sọ pé ní Kánádà, béèyàn bá ti ń dé báyìí ni wọ́n ń fún un níṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun ló ń sọ, kò sọ ohun tí òfin wí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ń parí lọ, yóò ní kí ẹ pe nọ́ńbà òun kí òun lè bá yín ṣe é. Ọjà ló ń tà. Ìwé gidi, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lára rẹ̀, orúkọ ilé tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀. Bí ó bá parọ́, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa mú. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, tó ti gba ọwọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ta lẹ máa mú?

Àwọn mìíràn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́hùn-ún." Ẹ̀gbọ́n yín wà lọ́hùn-ún lóòótọ́, kí Ọlọ́run dá a sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ọ̀nà ilé sí ibi iṣẹ́ ló mọ̀ dunjú. Òfin tí òun bá wọlé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn kọ́ ni ẹ̀yin yóò bá wọlé. Ẹ bi í léèrè nípa òtútù, nípa ilé, nípa ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́. Inú rẹ̀ yóò dùn láti dáhùn. Ẹ má sọ ọ́ di lọ́yà ní tipátipá.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìwé afinimọ̀nà ni yóò bá a la ojú náà. Ẹ má sì sọ fún mi pé àṣà òyìnbó lèyí, pé Yorùbá kì í kàwé kó tó rìn. D.O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí ẹ̀yin mọ̀ mọ ògbójú ọdẹ àti igbó irúnmalẹ̀ nìkan, nígbà tó ti Ìlú Ọba dé, ó jókòó ti ìwé, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé kan tó pè ní Ìrìnàjò. Apá kìíní jáde ní 1949, apá kejì ní 1951. Èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́, ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́ fún. Ojú ọmọ Òkè-Igbó ló fi wo ìlú òyìnbó.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1925, Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní WASU. Ní 1933 ni wọ́n ní ilé tiwọn ní Camden, torí pé bí onílé òyìnbó bá ti rí ojú dúdú lẹ́nu ọ̀nà, yàrá tó wà ní ṣíṣí láàárọ̀ a ti kún. Ọmọ tó bá ti ilẹ̀ wa dé, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ èyí tó yẹ kó ṣe àti èyí tí kò yẹ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, British Council náà ní ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀, How to Live in Britain. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba yín wọ̀ nígbà náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Lagos dé Liverpool. Ẹni tí kò kàwé nílé ráyè kà á lójú omi. Wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ péré ni ẹ̀yin ní báyìí, ẹ ó sì fi wo fíìmù.

Nítorí náà, kò sí àríyànjiyàn pé ó yẹ kí ẹ ra ìwé. Èwo ni kí ẹ rà ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti ń ṣìnà. Ìbéèrè tí ó ju gbogbo ìbéèrè lọ, tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú yín, ni èyí: ta ni wọ́n kọ ìwé yìí fún?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Victor Hugo Green lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni. Lẹ́tà ló ń pín kiri fún ilé ìfìwéránṣẹ́, Harlem ní New York ló sì ń gbé. Nígbà ayé rẹ̀, ìwé afinimọ̀nà kún orí àtẹ ní Amẹ́ríkà: hòtẹ́ẹ̀lì yìí mọ́, oúnjẹ ibí yẹn dùn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n bí aláwọ̀ dúdú bá fi ọkọ̀ rẹ̀ dé hòtẹ́ẹ̀lì yẹn lóru, pẹ̀lú aya àti ọmọ lẹ́yìn, wọn kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn ìlú kan tilẹ̀ wà tí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣú bá a níbẹ̀. Ní 1936, Green bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tirẹ̀ jáde, The Negro Motorist Green Book. Ó to hòtẹ́ẹ̀lì tó ń gba aláwọ̀ dúdú síbẹ̀, ó to ilé epo tó ń tà fún wọn, ilé oúnjẹ, ilé onígbàjámọ̀, àti ilé àwọn aládùúgbò tó ń fi yàrá gba àlejò. New York nìkan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tàn dé gbogbo Amẹ́ríkà. Ìwé yìí ń jáde títí di àárín àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn tí òfin 1964 ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún ilé ìtura àti ilé oúnjẹ láti lé èèyàn nítorí àwọ̀ ara.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn ìwé tó wà ṣáájú ti Green kò ní àléébù fún ẹni tí wọ́n kọ wọ́n fún. Green àti irú rẹ̀ ni kò sí lọ́kàn ẹni tó kọ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yín gan-an nìyẹn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ìwé afinimọ̀nà ayé òde òní, Lonely Planet, tọkọtaya kan ló dá a sílẹ̀ ní 1973, Tony àti Maureen Wheeler, lẹ́yìn tí wọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù gba orí ilẹ̀ Éṣíà kọjá dé Ọsirélíà. Ìwé tó ní láárí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá kọ ọ́ pé wíwọ Faransé kò gba físà, ọmọ Ìlú Ọba, ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Ọsirélíà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ tí pásípọ́ọ̀tù rẹ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí idì wà níwájú rẹ̀, kò bá ọ sọ̀rọ̀. Ní tìrẹ, wàá gba físà Schengen. Wàá kó ìwé báńkì dání. Wàá ra ìwé adójútòfò tí owó ìtọ́jú àìsàn inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Bí wọ́n bá wá fún ọ tán, ọjọ́ 90 péré lo lè lò nínú ọjọ́ 180. Kò sí ìkankan nínú èyí tó kan ẹni tí wọ́n kọ ìwé náà fún, nítorí náà, bóyá lo máa rí i níbẹ̀ ju ìlà kan lọ.

Ó tún lè yí sí òdì kejì. Ìwé kan náà yóò ní kí èèyàn gba físà kó tó wọ Gánà. Òyìnbó ló ń sọ fún. Ọmọ ECOWAS ni ìwọ. Láti 1979 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ti péye, tí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ èyí ni ejẹ́ǹtì yóò gba owó físà Gánà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì tún dúpẹ́. Fìlà tí wọ́n fi orí ẹlòmíràn wọn kì í ṣe fìlà burúkú. Kì í kàn ṣe tìrẹ ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ físà nìkan. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági, tó fẹ́ lọ rajà ní Kùtọnu tàbí Lòmé, kí ni yóò fi ìwé tó ń yin etíkun àti àwọn ilé orí omi Gànvié ṣe? Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìwé tí wọ́n ń béèrè ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ náírà sí séfà, ọ̀nà tó lọ sí ọjà Dàńtókpá, àti bí èèyàn ṣe ń ná ọjà ní Faransé. Òwò ló ń bá lọ. Ẹni tó kọ ìwé ìgbafẹ́ kò mọ̀ ọ́n, kò sì ṣẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè kejì: ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́? Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì. Ẹ ṣí ojú ewé tó tẹ̀lé àkọlé, ibi tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ojú kì í fẹ́ kà, ẹ wo ọdún tó wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ tàn yín jẹ. Wọ́n lè tún ìwé 2015 tẹ̀ ní 2023 láìfọwọ́ kan gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tún yẹ̀ wò, tí wọ́n tún kọ, ni kí ẹ wá.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ lọ bi àwọn àgbà ilé yín nípa ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. Ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ lójú pópó, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá fi ìwé 1971 wakọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òkú ni. Ìlú Ọba kò kúrò lọ́wọ́ òsì títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá títì ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ bọ́ sí ti òde òní. Ìwé 2019 yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ Master's ní Ìlú Ọba pé ó lè kó aya àti ọmọ dání. Láti oṣù Kìíní 2024, ìyẹn ti di ìtàn fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àfi àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Láti oṣù Kẹta ọdún kan náà ni òṣìṣẹ́ tó ń lọ tọ́jú arúgbó kò ti lè kó ẹbí rẹ̀ tẹ̀lé ara mọ́. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba wọn wá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní òun yóò fi iṣẹ́ títọ́jú arúgbó gbé yín dé Manchester lónìí, ẹ ó ta púlọ́ọ̀tì kejì.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni èèyàn gbọ́dọ̀ tún un gbà. Láti 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ẹyọ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹni tó bá ń fi ìwé àtijọ́ rìn yóò tún nawọ́ fún abẹ́rẹ́ tí kò kàn án.

N kò ní kí ẹ ju ìwé àtijọ́ nù o. Odò kì í kúrò lójú àyè rẹ̀, ìtàn ìlú kì í yí padà, ìwà ọmọlúàbí àwọn onílùú kì í tètè yí. Ẹ lè ka ìyẹn nínú ìwé ọdún yòówù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ lọ sí ojúlé ìjọba orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Ti Ìlú Ọba wà ní GOV.UK, ọ̀fẹ́ sì ni. Fóònù tí ẹ fi ń wo TikTok ni yóò bá yín ṣí i. Ìwé ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìlú, ìjọba ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ òfin. Ẹ má gbé iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì.

Ìbéèrè kẹta: ṣé ẹni tó kọ ọ́ dé ibẹ̀? Ẹ ó ní báwo lẹ ṣe máa mọ̀ nígbà tí ẹ̀yin náà kò tíì débẹ̀. Ibi tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò. Bí ilé ìtẹ̀wé kan bá ní ìwé lórí Nàìjíríà tàbí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ ṣí i sí Ìbàdàn kí ẹ tó náwó sórí èyí tí wọ́n kọ nípa ìlú òyìnbó. Ṣé ó mọ̀ pé láti oṣù Kẹfà 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ìgbàlódé ti ń gbé èrò láti Èbúté Mẹ́ta wá sí Mọ́níyà? Bí ó bá rán àlejò lọ wọ ọkọ̀ ojú irin Lagos ní Dùgbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ṣé ó mọ̀ pé Àlàkíà, ní ẹ̀bá wa níbí, ni pápákọ̀ òfurufú wà? Ṣé ó mọ̀ pé Gbági ti àtijọ́ yàtọ̀ sí Gbági tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀? Ẹni tó bá fi àgbọ́sọ kọ nípa ilé yín, kí ló máa mú un fi òótọ́ kọ nípa ilé ẹlòmíràn?

Ìbáwí yìí kò yọ àgbà sílẹ̀. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń lọ sí Mẹ́kà, bí wọ́n bá pè yín sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní àgọ́ àwọn alálàájì ní Olódó níbí, ẹ ó bọ́ sábẹ́ igi, ẹ ó máa bá ara yín sọ iye tí wúrà jẹ́ ní Jẹ́dà. Nígbà tí ẹ bá wá dé Mínà, tí àgọ́ funfun tò lọ rẹrẹ tí ojú kò tó òpin rẹ̀, ẹ ó máa bi ọlọ́pàá tí kò gbọ́ Yorùbá pé níbo ni ti àwọn ará Ọ̀yọ́ wà. Méjì ni ìwé ti yín: ọ̀kan fún iṣẹ́ hájì, ní èdè tó yé yín, tí ààfáà tó mọ̀wé ti yẹ̀ wò; èkejì fún òfin ìlú. Ní Saudi Arabia, ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọlé lè fi ẹ̀mí dí i. Obì pàápàá, tí ẹ kà sí ohun àfẹnujẹ, wọn kò fẹ́ kí ẹ kó o dé. Oògùn tí dókítà kọ fún yín, kí ìwé dókítà bá a rìn. Àpò tí kì í ṣe tiyín, ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé e, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú yín ló mọ̀ pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jimọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọ̀pọ̀ jù lọ bọ́ọ̀sì ìlú kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nítorí ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù? Bíbélì tí ẹ gbé dání kò sọ àkókò bọ́ọ̀sì.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní tirẹ̀. Ìwé ìgbafẹ́ yóò sọ fún un nípa aago ńlá tó wà ní Westminster. Kò ní sọ fún un pé bó bá ti dé ni kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, kí àìsàn má tíì dé. Kò ní sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kì í san owó orí ilé, tí yóò fi máa san ohun tí kò jẹ. Kò ní sọ fún Mùsùlùmí pé ní oṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, àti pé ní oṣù Kẹfà, ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọ̀. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò ní sọ fún ìyá tó ń di ẹrù fún un pé pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti wàrà tó ń dì sínú àpótí, wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó sì ń lọ sí Amẹ́ríkà, kó fi ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò: iná fólítì 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, tiwa jẹ́ 230, ẹnu ihò iná wọn pàápàá kò bá ti wa mu. Ọ̀rọ̀ kékeré ni gbogbo èyí lójú yín, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ẹ máa ń tìtorí rẹ̀ pe ilé lóru tẹkúntẹkún.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé owó kò tó. Ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ àdúró-ti-ara-ẹni ní mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo yín lẹ ń dáwó aṣọ ẹbí. Ẹ dáwó ra ìwé kan, kó máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ẹ rà á ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ fi bírò fàlà sí ohun tó kàn yín, ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń lọ sínú ìwé ọwọ́, torí iná fóònù lè tán ní pápákọ̀ òfurufú. Láti òní lọ, ẹni tó bá fi ìwé ìpè àsè ìdágbére ránṣẹ́ sí mi, kó fi ìwé afinimọ̀nà rẹ̀ tì í. Èmi yóò bi í ní ìbéèrè mẹ́rin kí n tó gbé ọwọ́ àdúrà sókè: ta ni wọ́n kọ ọ́ fún, ọdún wo ni, ṣé ẹni tó kọ ọ́ dé ibẹ̀, ojú ewé wo lo kà dé? Bí ó bá ń wò bọ̀ọ̀, kó gbé ẹran rẹ̀ jẹ, n kò wá.

Mo fi ẹ̀yin tí ẹ ti lọ tí ẹ sì ti dé ṣe ìkẹyìn, torí ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi jù. Ìbàdàn ni wá. Àwọn ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ̀wé fún gbogbo Nàìjíríà tò sí Jẹ́ríkò níbí: University Press, Evans, HEBN. Ẹ gba Dubai kọjá, ẹ gbé Guangzhou rajà, ẹ kàwé ní Leeds, ẹ fi ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ ní Houston. Kí lẹ mú bọ̀? Lọ́fínńdà àti fọ́tò. Fágúnwà lọ, ó mú ìwé apá méjì bọ̀. Ọmọ Adégbayì tó bá ń jáde lọ lónìí ṣì ń ka ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọ Ọsirélíà, torí pé ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà jókòó ti ọtí tútù, ẹ ń sọ ọ́ ní àsọrẹ́rìn-ín.

Victor Green kò jókòó kó máa ráhùn pé àwọn òǹkọ̀wé kò ro ti aláwọ̀ dúdú mọ́ ọn. Apínlẹ́tà ni, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kọ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá yín lè kà. Ẹ sọ ohun tí wọ́n bi yín ní ẹnubodè, ohun tí ẹ dáhùn, òpópónà tí ẹ gbà, iye tí ẹ san, ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ àti bó ṣe fẹ́ ṣe é. Kí ẹ sì kọ ọdún gàdàgbà sí ojú ewé kìíní, kí ẹni tó bá rà á lábẹ́ afárá ní ọdún mẹ́wàá òní lè mọ̀ pé ó ti gbó, kó sì wá tuntun.